Láíkẹ̀n ìkookò àti igi fírì pupa: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò wa ní Yosemite

Ọjọ́ Ajé. Láti Fresno sí Wawona

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ la kúrò ní Fresno, a gba ọ̀nà 41 tó kọjú sí òkè Sierra Nevada. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, wọ́n wá kí wa ní California láti Oǹdó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wá sí Yosemite, ọgbà ìjọba tó wà lórí òkè náà, ló ń sáré lọ wo àwọn àpáta ńlá El Capitan àti Half Dome. Èmi fẹ́ kí Bọ̀dá rí nǹkan méjì mìíràn tó ń gbé ojú kan náà: igi fírì pupa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Abies magnifica, àti láíkẹ̀n ìkookò, Letharia vulpina, tó ń hù lára rẹ̀. Mo fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn dáadáa, láti ibi tí fírì ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó ti ń tán. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ti mọ ohun púpọ̀ nípa òkè yìí, àti nípa omi tí gbogbo wa ń mu ní ìpínlẹ̀ yìí.

Ẹ ti rí láíkẹ̀n rí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn àbàwọ́n aláwọ̀ eérú tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi obì, igi kòkó àti ojú àpáta nílé, láíkẹ̀n ni púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe ewéko. Olú kan àti àlígì, ìyẹn irú nǹkan tíńtín aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ojú omi tó dúró sójú kan, ló jùmọ̀ di ara kan. Olú ló ń fún un ní ìrísí, òun náà ló ń di omi mú. Àlígì ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Simon Schwendener, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1867, ọ̀pọ̀ àgbà nínú àwọn onímọ̀ láíkẹ̀n ìgbà náà sì ta kò ó gidigidi. Òun ló jàre.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, igi óòkù àti koríko gbígbẹ ló kún ilẹ̀. Lẹ́yìn Oakhurst ni igi páìnì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Kò sí fírì pupa kankan níbẹ̀. Ó di nǹkan bí 1,800 mítà sókè kí èèyàn tó máa rí i. A sùn sí Wawona.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀nà Glacier Point

Ní Chinquapin ni ọ̀nà Glacier Point ti yà kúrò lára ọ̀nà 41. Máìlì 16 ni, ó sì ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀. Fírì funfun la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni pupa dà pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí a fi dé Badger Pass, ní nǹkan bí 2,200 mítà, pupa ti gba púpọ̀ nínú igbó. Àwọn méjèèjì jọra lójú ẹni tó ń kọjá nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ mú èèpo àgbà igi tó ti já bọ́ sílẹ̀, kí ẹ dá a sí méjì. Inú ti fírì pupa á pọ́n fòò, ti fírì funfun á ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ má gé ti ara igi, òfin ọgbà kò gbà á.

Àgbà fírì pupa máa ń ga tó 40 sí 60 mítà. Ẹ̀ka rẹ̀ máa ń yọ yí ìtì ká ní ìpele-ìpele, ewé rẹ̀ kúrú, ó le, ó kọ orí sókè lára ẹ̀ka. Èèpo àwọn àgbà nípọn, ó ní kòtò gígùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lára èèpo yẹn ni láíkẹ̀n ìkookò wà. Kò sí bí ojú ṣe lè fò ó: àwọ̀ ìyeyè tó ní ewé nínú, tó ń tàn yòò nínú igbó tó ṣókùnkùn. Ó yọ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lára ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ọ̀wọ́ kan kì í sábàá ju ìka ọwọ́ lọ ní gígùn.

Bọ̀dá dúró, wọ́n wò ó títí, wọ́n mi orí. "Àfòmọ́ nìyí. Kí ló dé tí wọn ò gé e kúrò kó tó pa igi?"

Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Oko kòkó bàbá wa ni Bọ̀dá dàgbà sí, àwọn ló máa ń gun igi pẹ̀lú àdá lọ gé àfòmọ́. Àfòmọ́ inú kòkó kì í ṣeré. Á ki ẹnu bọ inú ẹ̀ka, á máa fa omi igi mu, ẹ̀ka tó bá wà níwájú rẹ̀ á rọ, á gbẹ. Wọ́n tún fi òwe tì í lẹ́yìn: "Àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ní í bá tan."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká rìn dé ọ̀hún." Lẹ́bàá odò Bridalveil Creek, òkú fírì kan wà lóòró, èèpo rẹ̀ ti bọ́ ní ibi púpọ̀, kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Láíkẹ̀n ìkookò bò ó ju bó ṣe bo àwọn alààyè lọ. Mo sọ fún wọn pé òkú igi kò ní omi tí ẹnikẹ́ni lè fà mu. Bọ̀dá yí igi náà po, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe òun ló pa á?"

Èsì tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn, òkú igi nìkan kò sì lè dáhùn rẹ̀. Òpó pákó ló dáhùn. Ògbólógbòó kan wà lẹ́bàá ọ̀nà ẹsẹ̀, tí wọ́n ti fi ayùn là kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀. Láíkẹ̀n ìkookò wà ní orí rẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, lórí pákó lásán, láìsí èèpo, láìsí oje. Ayùn ló pa igi yẹn, kì í ṣe láíkẹ̀n. Bọ̀dá fọwọ́ kan òpó náà.

"Kí ló wá ń jẹ?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ti ń retí láti Fresno. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la.

Ọjọ́rú. Taft Point àti Sentinel Dome

Mo gbé ìgò tí a fi ń fọ́n omi dání, àti gíláàsì kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ìparí oṣù Kẹsàn-án la wà, ó sì ti pẹ́ tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Láíkẹ̀n gbẹ táútáú. Bọ̀dá fi ìka kàn án, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n sá sóòrùn. Mo fọ́n omi sí ọ̀wọ́ kan. Kò pẹ́ rárá tí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà níṣojú wa: àwọ̀ ewé borí àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀ka tí ì bá ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ di rírọ̀, ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀wọ́ kejì tí omi kò kàn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ṣì le bó ṣe wà. Lábẹ́ gíláàsì, a rí i pé lẹ́búlẹ́bú wẹ́wẹ́ ló bo ara ẹ̀ka náà. Bọ̀dá gba ìgò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń fọ́n omi sára igi kiri fúnra wọn.

Ohun tó ń jẹ nìyẹn: ìmọ́lẹ̀, omi tó bá bà lé e láti òkè, àti ìwọ̀nba iyọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú òjò àti eruku. Kò ní gbòǹgbò, kò sì ní awọ tó lè dá omi dúró sínú ara. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, òun náà á gbẹ, gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ á dúró, kò sì ní kú. Òjò díẹ̀, ìrì, tàbí yìnyín (òjò dídì ìgbà òtútù) tó ń yọ́ kán láti orí ẹ̀ka á jí i. Igi tó gbé e dúró kò ná kọ́bọ̀ kan lórí rẹ̀ ju àyè ìjókòó lọ. Nítorí pé ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀ tààrà, àwọn olùṣèwádìí máa ń lo láíkẹ̀n láti mọ bí afẹ́fẹ́ ibì kan ṣe mọ́ sí.

Fírì kò lè ṣe ohun tí láíkẹ̀n ń ṣe yìí. Bí fírì bá gbẹ dé ibi tí láíkẹ̀n yẹn gbẹ dé, ó kú nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi ní gbòǹgbò tó ń wá omi nínú ilẹ̀, tó ní ọ̀dà lójú ewé, tó sì ń pa àwọn ihò tíntìntín tó wà lára ewé dé nígbà tí ọ̀dá bá mú. Ní òkè yìí, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá. Àkókò yẹn gan-an ni fírì ń dàgbà, omi yìnyín tó yọ́ wọ ilẹ̀ ló sì ń lò. Láíkẹ̀n ń sùn ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tí òjò àti yìnyín bá dé, tí ilẹ̀ tutù, tí iṣẹ́ fírì dín kù gan-an, ìgbà náà ni láíkẹ̀n á jí sí iṣẹ́ tirẹ̀. Ara kan náà ni wọ́n wà, omi òkè kan náà ló ń bọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í mu ún lásìkò kan náà, wọn kì í sì í mu ún láti ibì kan náà. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ohun mìíràn tí mo mọ̀ nípa wọn lọ.

Bọ̀dá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìlà. Wọ́n ti ń wò ó láti àná, wọn ò sọ. "Kí ló dé tí ìdí gbogbo igi mọ́? Ta ló ń fọ̀ ọ́?" Òótọ́ ni. Láti ilẹ̀ lọ sókè, kò sí láíkẹ̀n ìkookò kankan lára ìtì. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, gbogbo igi tó wà nítòsí ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n gíga kan náà. Ní kòtò tó wà lójú ọ̀nà Taft Point, Bọ̀dá na ọwọ́ sókè, wọn kò tó o. Nígbà tí a gun ẹ̀gbẹ́ Sentinel Dome, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gan-an, ìlà náà wá sí ìbàdí wa.

Yìnyín ló ń fọ̀ ọ́. Láti oṣù Kejìlá ni yìnyín ti ń gun orí ara wọn nínú igbó yìí, ní ọ̀pọ̀ ọdún kì í sì tán nílẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà. Apá ìtì tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á wà nínú òkùnkùn àti ọ̀rinrin fún oṣù púpọ̀, láíkẹ̀n tó ń gbé orí ìmọ́lẹ̀ kò sì lè fara dà á. Níbi tí yìnyín sábà ń dé dúró ni láíkẹ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá síbí nínú ooru, tí yìnyín kankan kò sí nílẹ̀, lè fojú wo ara igi kó sì mọ bí yìnyín ṣe máa ń jìn tó níbẹ̀. Kòtò máa ń gba púpọ̀, atẹ́gùn sì máa ń gbá ti orí òkè lọ. Ohun tí ọwọ́ Bọ̀dá àti ìbàdí wa sọ fún wa nìyẹn.

Yìnyín tí láíkẹ̀n ń sá fún yìí kan náà ni ìyè fírì pupa. Igbó rẹ̀ wà lára ibi tí yìnyín ti ń jìn jù ní gbogbo California. Ọmọ igi á wà lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, yìnyín á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á tún dìde. A rí àwọn àgbà igi tí ìdí wọn ṣì tẹ̀ nítorí ìgbà èwe wọn. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ náà ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 omi tí ìpínlẹ̀ yìí ń lò ló ń wá láti inú yìnyín Sierra Nevada. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2015, yìnyín tó wà lórí òkè kò ju ìdá 5 nínú 100 ohun tó yẹ kó wà lọ. Ọ̀dá àwọn ọdún yẹn pẹ̀lú kòkòrò tó ń jẹ inú èèpo pa igi tó lé ní 100 mílíọ̀nù ní California, fírì sì pọ̀ nínú wọn. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, yìnyín pọ̀ débi pé ọ̀nà Tioga, tó gba orí òkè kọjá nínú ọgbà yìí, kò ṣí títí di ọjọ́ 22 oṣù Keje.

Bọ̀dá bi mí bóyá ìlà náà sọ̀kalẹ̀ ní 2015, kó tó gòkè ní 2023. Láíkẹ̀n kì í yára dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ ìlà yẹn, ọdún kan ṣoṣo kò tó láti yí i. Òǹkà ọdún fírì wà nínú igi rẹ̀, òrùka kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ọdún ọ̀dá á sì sábà fi òrùka tín-ín-rín sílẹ̀. Láíkẹ̀n kò ní òrùka. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún kan, igi ni kó bi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀, kó wo ìlà láíkẹ̀n.

Lórí Sentinel Dome, àwọn èèyàn ṣì ń béèrè igi páìnì kan, irú tí wọ́n ń pè ní Jeffrey, tó wà nínú fọ́tò àtijọ́. Ọ̀dá 1976 sí 1977 ló pa á, ó sì ṣubú ní 2003.

Ọjọ́bọ̀. Inú igbó fírì

A padà sínú igbó kan náà láìyára. Bọ̀dá ń wo òkè, èmi ń wo ilẹ̀. Ilẹ̀ kún fún ìpẹ́ èso fírì. Èso fírì pupa máa ń dúró lóòró lórí ẹ̀ka ní òkè téńté, ó sì máa ń gùn tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Kì í já bọ́ lódindi bíi ti páìnì: bó bá gbó, á tú ká lórí igi, ìpẹ́ àti hóró tó ní ìyẹ́ á bá atẹ́gùn lọ, ọ̀pá àárín á ṣẹ́ kù lókè. Bí ẹ bá rí odindi lórí ilẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ló gé e. A gbọ́ ọ̀kan tó ń gé wọn lókè, èso ń bọ́ lulẹ̀ gbì, gbì, a sì kúrò nísàlẹ̀ kíákíá.

Láíkẹ̀n ìkookò kò nílò hóró. Lẹ́búlẹ́bú tí a rí lábẹ́ gíláàsì lánàá, nínú ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni olú àti àlígì ti wà pa pọ̀. Bó bá bọ́ sí èèpo tó yẹ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà lórí igi kan náà, Letharia columbiana, tó ní ojú roboto aláwọ̀ ilẹ̀. Èyí ń tú irúgbìn olú nìkan jáde, irúgbìn náà á sì wá àlígì tirẹ̀ rí kó tó lè di láíkẹ̀n. Ọ̀nà tó le nìyẹn, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kún inú igbó yìí.

Ibẹ̀ la wà tí Bọ̀dá fi pariwo orúkọ mi. "Wá wo nǹkan! Wá wo àfòmọ́ gidi!"

Ẹ̀ka fírì kan wú láàárín, ìdì ọ̀pá kúkúrú tí kò ní ewé yọ láti inú ibi tó wú náà, àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Arceuthobium ni, àfòmọ́ kékeré tó ń bá fírì jà ní òkè yìí. Ojú tó mọ kòkó ló rí i. Mo ti kọjá lábẹ́ igi yẹn. Gbòǹgbò àfòmọ́ yìí wọ inú igi lọ, ó ń fa omi àti oúnjẹ, ẹ̀ka tó bá mú á wú, á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Èso rẹ̀ máa ń gbó lásìkò yìí, bó bá gbó, á bẹ́, á sì ta hóró rẹ̀ tó ń lẹ̀ jìnnà ju mítà 10 lọ.

Bọ̀dá gbé òkú ẹ̀ka kan nílẹ̀ tí ibi wíwú ṣì wà lára rẹ̀. Àfòmọ́ ti kú lórí rẹ̀. Láíkẹ̀n ìkookò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yè, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Wọ́n fi hàn mí, wọ́n ní, "Àfòmọ́ kì í gbé orí òkú igi. Nígbà tí a bá gé igi kòkó, àfòmọ́ rẹ̀ náà kú nìyẹn. Èyí ò kú. Kì í ṣe àfòmọ́." Àlàyé náà dára ju ti òpó pákó tí mo ṣe lọ, inú oko bàbá wa ló sì ti wá.

Ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀nà Tioga

A kúrò ní Wawona, a sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì, a tún gòkè gba Crane Flat lọ sí ọ̀nà Tioga. Lójú ọ̀nà ni mo ti sọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní láíkẹ̀n ìkookò. Ásíìdì tó ń fún un ní àwọ̀ ìyeyè, májèlé ni. Ní àwọn ilẹ̀ Scandinavia láyé àtijọ́, wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ ẹran tí wọ́n fi ń pa ìkookò àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Nínú igbó, ásíìdì yìí ni kì í jẹ́ kí ẹranko fẹ́ jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń fò lóru ń jẹ láíkẹ̀n dúdú tó ń so rọ̀ lórí ẹ̀ka, tó sì ń fi í tẹ́ ìtẹ́. Àwọn ẹ̀yà Karuk, Yurok àti Hupa ní àríwá California ń fi láíkẹ̀n ìkookò pa ẹ̀gún òòrẹ̀ láró sí àwọ̀ ìyeyè, wọ́n á sì hun ún mọ́ apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Bọ̀dá gbọ́ ti aró, wọ́n béèrè bóyá kì í ṣí lára nǹkan. Ó máa ń dúró dáadáa.

Ásíìdì yẹn kan náà wọ inú ìwádìí tí Toby Spribille, onímọ̀ láíkẹ̀n, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2016. Wọ́n wo láíkẹ̀n Bryoria méjì, irú èyí tó ń so rọ̀ lórí ẹ̀ka, tí olú kan náà àti àlígì kan náà wà nínú wọn, síbẹ̀ tí ọ̀kan ní ásíìdì yìí púpọ̀, tí ìkejì kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Wọ́n rí olú mìíràn, irú ìwúkàrà kan, nínú awọ láíkẹ̀n, ó sì pọ̀ jù nínú èyí tó ní májèlé. Láti 1867 ni wọ́n ti ń ka olú kan mọ́ ọn, kó tó di pé ìkejì yọjú.

Fírì pupa bá wa rìn dé ibì kan lójú ọ̀nà Tioga, ó wá ń dín kù. Ní adágún Tenaya, páìnì ló pọ̀ ní àyíká. Ní Tioga Pass, 3,031 mítà, kò sí fírì pupa mọ́. Láíkẹ̀n aláwọ̀ ìyeyè ṣì wà lára àwọn páìnì tó kù. Fírì pupa kò jáde kúrò ní California, gúúsù Oregon àti etí Nevada. Láíkẹ̀n ìkookò wà káàkiri ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ó sì wà ní Yúróòpù lórí igi tí fírì pupa kò mọ̀ rí.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Bọ̀dá ń padà sí Oǹdó. A ti ya fọ́tò àwọn fírì kan nítòsí Badger Pass, Bọ̀dá dúró ti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìlà lè hàn pẹ̀lú ìwọ̀n gíga wọn. Ní ìgbà òtútù, Badger Pass ni wọ́n máa ń gbá yìnyín ojú ọ̀nà dé. Ní oṣù Kẹta, màá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n, màá wọn yìnyín nídìí àwọn igi yẹn, màá sì fi ohun tí mo bá rí ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Wọ́n ní kí n má gbàgbé láti wọn ti kòtò Taft Point náà. Yìnyín á ti dí ọ̀nà ibẹ̀, àfi kí n fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀.